Ife Tánganran Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kán

Mo ń dín ẹyin lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ gbàù lẹ́yìnkùlé. Kí n tó sọ pé kí nìyẹn, mo tún gbọ́ gbàù kejì. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ mi ni mo rí, Adélaní, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tó lóṣòó ti ògiri kànga, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ife tánganran mi lọ́wọ́ òsì.

"Bàbá Moyin! Kí ni ife ṣe fún yín?"

Ó fi ìka bo ẹnu, ó tọ́ka sí omi tí mo gbé kaná, ó sì tún sọ òòlù lu ife náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ tí a fi ń gbé ife já bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìyókù sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ife náà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ọmọ mẹ́ta kò rí i bàjẹ́. Ilé méjì tí a kó kúrò nínú wọn kò rí i bàjẹ́. Baálé ilé fúnra rẹ̀ ló wá fi òòlù pa á. Ìgbà tó bu omi gbígbóná sínú rẹ̀, tó mu ún tán, ni ẹnu rẹ̀ tó ṣí.

"Má bínú, Ìyá Moyin. Ìwé ló ní kí ọwọ́ rẹ̀ kán."

Ìwé! Ẹ jẹ́ kí n kúkú ti ìdí pẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí ọkọ mi ti dàrú. Èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ìyàwó rẹ̀, mo lẹ́tọ̀ọ́.

Motúnráyọ̀ ni orúkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìjù ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí wọ́n ti mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní ìlú Oǹdó, kí n lè rí ilé ìwé gidi lọ. Oǹdó ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni Adélaní ti rí mi, iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Alágbàká ló sì gbé wa wá sí Àkúrẹ́. Láti ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ mi ti ń kọ bẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Aṣọ akọrin rẹ̀ nìkan ni aṣọ tí kì í jẹ́ kí n fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò sì fẹ̀yìn rìn díẹ̀ kí ó lè wò ó dáadáa. Mo ti wọ aṣọ ìyàwó níwájú ọkùnrin yìí rí, kò wò mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Keje, Jesse, ọ̀gá akọrin wa, pe àwọn àgbà jọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Jesse, èmi ni mo kọ́ ọ ní ábídí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn tán, ó wá sọ pé ohùn wọn ti ń já. Ó ní ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ìkórè, òun yóò gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá gbé e, yóò máa kọrin lọ. Ẹni tí kò bá gbé e, yóò dá aṣọ padà, ìjọ yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀yẹ. Adélaní kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

"Ìwé ẹ̀yẹ!" ni ó ń wí ṣáá. "Ṣé ìwé ẹ̀yẹ ni n óò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni Bàbá Ọmọ́níyì Olóhùn-Iyọ̀ kú ní Oǹdó, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní kékeré, bí àwo rẹ̀ bá ń dún lórí giramafóònù, tọkọtaya tó ń jà yóò dá ìjà dúró ná kí orin parí. Àdúgbò kan náà ni ilé rẹ̀ àti ilé àwọn ọkọ mi. Adélaní a máa sá pamọ́ sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń fi gìtá wá orin. Bàbá náà kọrin títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ohùn rẹ̀ kò sì já lọ́jọ́ kan. Adélaní fajú ro lọ sí ìsìnkú, ó sì fẹ̀rín wọlé. Ó mú ìwé ètò ìsìnkú bọ̀, aláwọ̀ mèremère, àwòrán bàbá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú.

"Ìyá Moyin, àṣírí ti tú! Gbogbo ohun tí bàbá ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ síbí. Ohun tó pa ohùn rẹ̀ mọ́ nìyí. Gbà, kà á."

Mo ní èmi kì í ka ìwé ìsìnkú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí ìyá mi kú ní Ìjù, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Gbémiga, pé kí ó jẹ́ kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá wa, torí èmi ni tíṣà. Gbémiga ló ń bá ìyá gbé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí lo mọ̀ tí o fẹ́ kọ?" Inú bí mi débi pé mo búra pé ohunkóhun tó bá kọ, ojú mi kò ní kàn án. Nígbà tí wọ́n ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dìde, mo jáde. Adélaní tẹ̀lé mi, ó ní ohun tí ìyàwó òun kò bá gbọ́, òun náà kò gbọ́. Èmi kì í yẹ ìbúra, pàápàá tó bá jẹ́ ìbúra òmùgọ̀.

"Ó dáa, n óò kà á fún ọ," ni ó wí, ó sì wọ dígí rẹ̀. "'Bàbá kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ títí wọn yóò fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọn yóò kọjú sí Àkúrẹ́, tí wọn yóò béèrè pé, Ṣé o jí ire? Wọn yóò dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mu omi gbígbóná nínú ife tánganran tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, kí wọn tó tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.'"

"Kí ló dé tí olórin Oǹdó fi ń kọjú sí Àkúrẹ́?"

Adélaní ronú. "Àkúrẹ́ ni ilé iṣẹ́ rédíò wà."

Mo ní ó dáa. Ẹni tó bá ti fẹ́ gba nǹkan gbọ́, kì í wá ìdí rẹ̀ tì.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé inú Àkúrẹ́ ni àwa fúnra wa ń gbé. Báwo ni ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ yóò ṣe kọjú sí Àkúrẹ́? Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkọ mi ń yí po lẹ́yìnkùlé bí ajá tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, ó pinnu pé Ọjà Ọba ni àárín gbùngbùn ìlú, ó sì kọjú sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín òun àti Ọjà Ọba ni fèrèsé kíṣìnì Sherifat. Aránṣọ ni Sherifat, opó ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, bó bá sì ti kírun àárọ̀ tán, kì í padà sùn mọ́.

"Ṣé o jí ire?" ni ọkọ mi fi ohùn bẹ́ẹ̀sì béèrè.

"Mo jí ire o, Bàbá! Ẹ ṣeun gan-an ni o!"

Ẹ wo ọ̀ràn. Kò lè ṣàlàyé fún un, torí kò tíì mu omi, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn, obìnrin náà sì ti dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, Sherifat ti ń fi àdúrà lé ìdáhùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá òun jí.

"Bàbá Moyin, ta ni ẹ ń kí gan-an?"

"N kò mọ̀. Ìwé kò sọ."

"Ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín ti dé."

Ìwé náà tún ní Bàbá kì í bẹ iṣu láìkọrin. Ọkọ mi tí kò bẹ iṣu rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Orin ẹlẹ́sẹ mẹ́fà ni ó ń kọ sí iṣu kan, bí orin sì ṣe ń gùn ni iṣu ń kéré. Iṣu tó tó itan èèyàn ló ń wọlé, ohun tó ń bọ́ sínú ìkòkò kò tó ẹ̀kúnwọ́. Ìwé ní ọ̀nà tó jìn jù ni Bàbá ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọn lè kí èèyàn púpọ̀. Adélaní tí kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn ká Òkè-Àró, àdúgbò wa, ó ń juwọ́ sí ọmọdé, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn àgbà. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbà pé ó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀. Ọkùnrin kan wá bá wa nílé nítorí gọ́tà tó dí níwájú ilé rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọkọ mi kọ lẹ́tà nípa gọ́tà náà, wọ́n sì wá kó o.

Èyí tó mú mi gbé ohùn sókè ni ti Ọjọ́bọ̀. "'Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Bàbá a máa sá àwọn gèlè sóòrùn, wọn a sì tún ká wọn padà sínú àpótí.'" Mo ní gèlè ta ni bàbá olórin ń sá? Adélaní ní ti ìyàwó rẹ̀ ni, pé ọkùnrin tó bá mọyì ìyàwó ni ohùn rẹ̀ ń pẹ́ láyé. Ó kó gèlè mi jáde, méjìlélógún, ó tẹ́ wọn sórí ọgbà tó kọjú sí títì. Nígbà tí mo dé láti ìpàdé àwọn ìyá, obìnrin kan ti dúró, ó ń béèrè pé èló ni aláwọ̀ ọsàn.

"Kì í ṣe títà!" ni mo pariwo.

"Ẹ wá tẹ́ ẹ síta kẹ̀?" ni òun náà pariwo padà. Èmi àti ọkọ mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun rò pé ìlànà ìwé ni mo ti ń tẹ̀ lé.

Ti òkèlè àkọ́kọ́ náà ń kọ́? Ìwé ní òkèlè tí Bàbá bá kọ́kọ́ bù, etí àwo ni wọ́n ń fi í sí, fún ẹni tó bá máa wá. Ní ilé wa, ológbò Sherifat ló ń wá. Ó sanra débi pé àwọn eku ilé kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n n óò sọ òtítọ́. Àṣà aláṣà yìí mú mi ro tèmi. Kí n tó lajú ni mo ti ń na ọwọ́ sí fóònù, bí ẹni tí ayé ń dúró dè. Mo máa ń wá dígí mi káàkiri ilé, orí mi ni ó máa ń wà. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ fún mi, mo ti máa ń wá èsì kí ó tó sọ ọ́ tán, àṣà tíṣà nìyẹn. Kò sí èyí tí mo jókòó yàn nínú wọn. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò tí kò gbé báàgì, a rò pé wọn yóò lọ bó bá dìrọ̀lẹ́, ogún ọdún rèé. Ọkọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àṣà wọlé, tó sì wá kan òòlù mọ́ ọn.

Síbẹ̀ ó sú mi. Bí oṣù Kọkànlá ṣe wọlé, a dá májẹ̀mú. Mo ní bí ó bá pàdánù níwájú Jesse, kí ó dá aṣọ padà, kí ó jó ìwé náà, kí a sinmi. Òun náà ní bí òun bá yege, èmi ni n óò máa jí ṣe gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo gbà kíá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ti ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já. Mo mọ̀ pé aṣọ yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Mo sì ń gbàdúrà náà lọ.

Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò, ó ní kí a lọ sí Oǹdó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ olóògbé. A ra iṣu mẹ́ta, a wa mọ́tò lọ. Fẹ̀yìntọlá, àkọ́bí Bàbá Ọmọ́níyì, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Adélaní ka ìwé náà fún un bí ẹni ń ka Bíbélì. Obìnrin náà kọ́kọ́ wò ó. Ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó mú kí ó má baà ṣubú.

"Bàbá tèmi? Kí wọn jí lówùúrọ̀? Agogo mẹ́wàá ni bàbá mi ń jí! Bí ẹ bá kí i kó tó jẹun, èébú ni yóò fi dá yín lóhùn. Omi gbígbóná kẹ̀? Ẹmu ló fi ń fọ ẹnu. Kò bẹ iṣu rí láyé rẹ̀, kò sì gba ọ̀nà jíjìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí kì í lọ."

"Ohùn rẹ̀ ń kọ́?" ni ọkọ mi béèrè, ohùn tirẹ̀ ti wálẹ̀.

"Wọ́n bí i mọ́ ọn ni, àbúrò mi. Ọlọ́run kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó fún un."

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí bàbá wọn kú, ọmọ mọ́kànlá ń jà lórí ibi tí wọn yóò sin ín sí, kò sẹ́ni tó ráyè kọ ìtàn. Àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní Àkúrẹ́ ló mú àwòrán lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó ní kí wọ́n bá àwọn wá nǹkan tó bá àgbà mu. "Àwa náà kà á, ẹnu yà wá," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Ṣùgbọ́n ó dùn. A ní kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi fajú ro wa mọ́tò padà sí Àkúrẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Orúkọ ilé ìtẹ̀wé náà wà lẹ́yìn ìwé, ó sì ṣì wà ní ṣíṣí. Mo ní kó yà síbẹ̀, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó ba ife mi jẹ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tolúwalọpẹ́ ló jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mọ́mì. Ṣé orúkọ ẹnìkan la fò nínú rẹ̀ ni?"

"Gbogbo ayé ọkùnrin náà lẹ fò. Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Àà, 'Àgbà Rere' nìyẹn! Mo bá a lórí kọ̀ǹpútà yìí nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Bí àwọn ọmọ olóògbé kò bá rí nǹkan kọ, òun ni mo ń fún wọn. Mo máa ń pààrọ̀ orúkọ, mo sì ń yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò. Bàbá onílé kan ní Ìta-Ògbólú lò ó. Díákónì kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lò ó. Ẹnìkan tiẹ̀ padà wá dúpẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé bàbá òun dára tó bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ́kọ́ ni ín?"

Ó wá a lọ sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí tó fi kan èyí tó pẹ́ jù. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán obìnrin kan yọ, ó wé gèlè funfun, ó ń wò mí. Wúrà ni orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ará Ìjù.

Ìyá mi ni.

Mo wá dígí mi, orí mi ló wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa ìbúra yẹn mọ́, ìṣẹ́jú kan ni mo fi yẹ̀ ẹ́. Ohun tí Gbémiga kọ rèé: "'Ìyá kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ títí wọn yóò fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọn yóò kọjú sí Àkúrẹ́, tí wọn yóò béèrè pé, Motúnráyọ̀, ṣé o jí ire? Wọn yóò dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn.'"

Ife tánganran náà, èmi ni mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà á fún wọn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kán, mo ní kí wọn jù ú nù, mo ra méjìlá tuntun, wọn kò tú páálí rẹ̀. Àwọn gèlè Ọjọ́bọ̀, èyí tí mo ń rà fún wọn ní gbogbo Kérésì ni. Wọn kò wé wọn, wọ́n ní ọjọ́ tí Motúnráyọ̀ bá wá mú àwọn lọ sí Àkúrẹ́ ni àwọn yóò wé wọn. Òkèlè àkọ́kọ́ etí àwo, èmi ni. Bóyá Motúnráyọ̀ yóò yà lónìí.

Láti Àkúrẹ́ dé Ìjù kò ju wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń lọ, wákàtí méjì ni mo ń lò, mo sì máa ń wo aago. Ojú tì mí. Ó dùn mí wọ egungun. Kí lo mọ̀ tí o fẹ́ kọ? Gbémiga kò bú mi nígbà yẹn. Ó béèrè ni.

Mo sunkún débi pé ẹ̀rù ba Tolúwalọpẹ́. "Ẹ má bínú, mọ́mì, n óò pa á rẹ́ báyìí."

"Má pa á rẹ́!" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Máa fún wọn. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kọ, fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olórin, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń jí láàárọ̀."

Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ mi lára, Adélaní náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwa àgbàlagbà méjì dì mọ́ ara wa nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí a wọ mọ́tò ni ojú rẹ̀ tún yí padà.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe àṣírí ohùn," ni ó wí. "Omi ìyá ìyàwó mi ni mo ti ń mu láti oṣù mẹ́ta. N kò ní lọ lọ́la. N óò fún Jesse ní aṣọ rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Ẹ ó lọ."

"Ìwọ tí o fẹ́ kí n pàdánù?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"O máa ń gbàdúrà sókè nínú ilé ìwẹ̀, Ìyá Moyin."

Mo ní, "Mo ti gba àdúrà náà padà. Oṣù mẹ́ta lẹ fi kí mi láàárọ̀, n kò mọ̀. Ẹ ó wọ aṣọ yẹn, ẹ ó kọrin."

Ó kọrin. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn àgbà márùn-ún wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọ dúró lábẹ́ fèrèsé, èmi ìyá arúgbó, bí òun náà ṣe dúró sábẹ́ fèrèsé nígbà èwe rẹ̀. Jesse tẹ dùùrù. Ohùn ọkọ mi jáde. Nígbà tó gòkè, ó já, mo gbọ́ ọ, ọkàn mi já pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wálẹ̀, ó wálẹ̀ dé ibi tí bẹ́ẹ̀sì ń gbé, ó sì jókòó síbẹ̀, kò mì. Oṣù mẹ́ta tó fi fẹsẹ̀ rìn, tó fi kọrin sí iṣu, kò lọ lásán.

"Dádì, ẹ máa fi òkè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé," ni Jesse wí. "Ìsàlẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè bá yín dù ú. Ẹ máa wọ aṣọ yín lọ."

Mo fò sókè lábẹ́ fèrèsé, orí mi sì gbá férémù. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Májẹ̀mú ni májẹ̀mú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jí, n kò na ọwọ́ sí fóònù. Mo gbé omi kaná. Adélaní ṣì ń hanrun, aṣọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mú ife tánganran tí ọwọ́ rẹ̀ kán, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Sherifat ti yọjú lójú fèrèsé rẹ̀.

"Mọ́mì, Bàbá ò kí mi lónìí?"

Mo juwọ́ sí i pé kó ní sùúrù díẹ̀, pé n óò kí i kí ó tó dọ̀sán. Mo kẹ̀yìn sí Ọjà Ọba, mo kọjú sí ọ̀nà Ìjù.

"Mo jí ire, ùyá mi," ni mo wí, bí ará Ìjù ṣe ń pe ìyá.

Mo sì dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn.